Agogo Kò Mọ Ikùn

Rọ́bà náà kọ̀, kò wọlé.

Mọrádékẹ́ fà á yọ, ó nù ún, ó tún kì í bọ ẹnu ihò kékeré tó wà lápá ọ̀tún ikùn rẹ̀, nísàlẹ̀ ìdodo. Ó wọlé níwọ̀n ìka méjì, ó dúró gbọn-in. Ó fipá tì í. Ìrora gbá a láti ikùn dé ẹ̀yìn, ó sì fi eyín di ètè mú kí igbe má baà jáde. Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé. Nígbà tó tún fà á yọ, ẹ̀jẹ̀ ti wà lórí rọ́bà.

"Ẹ kú ìrora o," ni ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ wí, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ bíi ti ìyàwó tuntun. "Ikùn yín ti le ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú àádọ́ta kí Olóore dé ọ̀dọ̀ yín."

"Ta ló ránṣẹ́ pè é?"

"Ara yín ni, mà."

Ẹ ò rí ìwọ̀sí! Ẹ̀gbà tí wọ́n dè mọ́ èèyàn lọ́wọ́ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, tí kò ṣeé bọ́, tí kò ṣeé bú, òun ló tún ń kí ni kú ìrora. Ní ìlú Ìdákọ̀ró, tó léfòó lórí òkun yìí, kò sí ọmọdé tó máa gbọ́ orúkọ Olóore tí kò ní sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà burú o. Kò burú rárá. Ó máa ń bẹ èèyàn dáadáa kó tó la ikùn onítọ̀hún.

Ẹni tó bá sì rí Mọrádékẹ́ lójú ọ̀nà kò lè mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é rí. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, àìsàn jẹ ìfun rẹ̀ débi pé wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ gbígbẹ, níbi tí àwọn dókítà tó gbẹ̀yìn tó ń fi ọwọ́ ara wọn mú abẹ ti gé èyí tó bàjẹ́ sọnù. Wọ́n fi èyí tó kù rán àpò sínú ikùn rẹ̀. Ẹran ara rẹ̀ náà ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn kékeré sẹ́nu àpò ọ̀hún, ilẹ̀kùn tó ń ti ara rẹ̀ kí ìgbẹ́ má baà jò síta. Bí àpò bá kún, á ti rọ́bà bọ̀ ọ́, ìgbẹ́ á ṣàn jáde, ó parí nìyẹn. Kò gbé ọ̀rá ìgbẹ́ kankan kọ́ ara níta, ìdí sì nìyẹn tó fi lè máa wọ aṣọ òmùwẹ̀, kó máa rì wálẹ̀ lọ yẹ àwọn ẹ̀wọ̀n ńlá méjìlélọ́gbọ̀n tó so ìlú náà mọ́ ìsàlẹ̀ òkun wò. Ṣùgbọ́n òfin sọ ọ́ gbangba: àpò tó bá kùnà lẹ́ẹ̀kan péré, Olóore á yọ ọ́, á sì gbé ọ̀rá kọ́ ẹni náà níta ikùn títí ayé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé ọ̀rá kọ́ra tí wọ́n ń jayé orí wọn. Ṣùgbọ́n aṣọ òmùwẹ̀ kò gba ọ̀rá, Mọrádékẹ́ kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn, kò fẹ́ iṣẹ́ mìíràn.

Òjò ń lu òrùlé. Ìlú ń mì láti òwúrọ̀. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níta, ẹsẹ̀ ẹnìkan ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Wúràọlá nìyẹn, aládùúgbò rẹ̀, tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ, tó ń rìn káàkiri iwájú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ojúlé mẹ́jọ jọ ń lò. Irin ni ilẹ̀kùn ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ló ń ṣí, nígbà tí agogo bá lù: ìdájí, ọ̀sán, àti ìrọ̀lẹ́. Ìgbà yẹn nìkan ni Ikùn Ìlú, táǹkì ràgàjì tó wà lábẹ́ pákó tó ń sọ ìgbẹ́ di gáàsì ìdáná, máa ń la ẹnu. Lónìí òkun ru, Ikùn Ìlú mì, wọ́n sì dá agogo ọ̀sán dúró. Aago mẹ́ta àbọ̀ ti lù, ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Mọrádékẹ́ na ọwọ́, ó kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ṣé kò sí o?" Ohùn Ìyá Bọ̀sún wá láti ẹ̀yìn ògiri.

"Rọ́bà kọ̀ mà."

"Má tì í mọ́! Ṣé o gbọ́? Gbé e sílẹ̀! Mò ń bọ̀."

Ìyá Bọ̀sún wọlé pẹ̀lú fúláàsì omi gbígbóná lábẹ́ abíyá. Arúgbó ni, ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì mú bí abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì ni, nígbà tí nọ́ọ̀sì ṣì ń jẹ́ èèyàn. Òrùka funfun kọ̀ọ̀kan wà ní àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì, irú èyí tí ìjọba fi sọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ti ṣe ìtọ́jú aláìsàn rí. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá sún mọ́ ojú ọgbẹ́ tàbí ihò ara ẹlòmíràn, òrùka á han; bó bá sì kàn án, ọkọ̀ á wá gbé e lọ sí ilẹ̀ gbígbẹ tí kò ti ní ará tàbí ọ̀rẹ́. Ọwọ́ èèyàn kò gbọdọ̀ ṣe ìtọ́jú ara ẹlòmíràn mọ́. Olóore wà fún ìyẹn.

Ó wo ẹ̀jẹ̀ tó wà lórí rọ́bà, ó mí kanlẹ̀.

"Ìgbà wo lo dà á kẹ́yìn?"

"Agogo ìdájí, mà."

"Ó ti lé ní wákàtí mẹ́sàn-án! Kí lo wá ń dúró dè?"

"Agogo ọ̀sán kò tíì lù, mà."

"Ta ló sọ fún ọ pé àpò mọ agogo?"

Ní Ìdákọ̀ró, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń yin ọmọdé fún kì í ṣe ìrìn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ sísọ. Ìmúmọ́ra ni. Ọmọ tó bá lè mú un mọ́ra títí agogo á fi lù, wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á ní ó jọ baba rẹ̀. Mọrádékẹ́ náà ti rò pé òun á lè mú un mọ́ra. Ó tilẹ̀ ti ń fi ṣe fáàrí nínú ara rẹ̀ títí di nǹkan bí aago méjì.

"Kí lo sì jẹ?"

"Àgbàdo sísun." Ó rọra wí i.

"Àgbàdo!" Ìyá Bọ̀sún pàtẹ́wọ́. "Kí ló dé tó ò kúkú jẹ òkúta?"

"Wọ́n ní ká wà ní sẹpẹ́, bí ẹ̀wọ̀n kan bá já nínú ìjì yìí. Ebi pa mí, mà. Òun ló wà nílé."

"Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógójì," ni ẹ̀gbà wí. "Ẹ kú àmúmọ́ra o."

"Orí ẹ burú," ni Ìyá Bọ̀sún sọ fún ẹ̀gbà. Ó fa pákó ìjókòó mọ́ra, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó sì ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ itan ara rẹ̀ kí wọ́n má baà ṣèèṣì lọ síbi tí kò yẹ. "Ọwọ́ rẹ ni máa lò lónìí. Ẹnu tèmi, ọwọ́ tìrẹ. Fi ìka méjì gbé rọ́bà yẹn sókè kí n rí i."

Mọrádékẹ́ gbé e sókè. Rọ́bà náà dúró gangan, kò tẹ̀.

"Omi wo lo fi fọ̀ ọ́?"

"Omi òkun, mà."

Ìyá Bọ̀sún di ojú. Àwọn òmùwẹ̀ àti àṣà wọn! Ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ lò, kódà ṣíbí ìjẹun, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rì í bọ omi òkun láti fi kí Olókun. Nínú ìjì òní, omi náà tutù bí yìnyín, ó sì ti sọ rọ́bà di wáyà.

"Wáyà lo fi ń gún ara rẹ. Da omi gbígbóná sínú bàsíà, fi ìgùnpá tọ́ ọ wò kó má bó ọ, kó o rì í síbẹ̀. Rẹ aṣọ ìnura náà, fún un, kó o fi lé ikùn. Lẹ́yìn náà dùbúlẹ̀, ká orúnkún méjèèjì sókè. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lo máa sùn báyìí, o ò sì ní ṣe nǹkan kan."

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Màmá, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan tí ẹ̀gbà wí?"

"Etí mi kò di. Ẹran ilẹ̀kùn inú yẹn ti bínú. O gún un, ó di ẹ̀ṣẹ́. Bó o bá tún gún un, á ya, bó bá sì ya, Olóore gan-an á ní àǹfààní láti yọ ọ́. Dùbúlẹ̀."

Ó dùbúlẹ̀. Ooru aṣọ náà wọ ikùn rẹ̀ lọ. Ìrora ń wá, ó ń lọ, ìgbàkigbà tó bá sì wá, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn. Ẹ̀rù ń bà á. Ó ti rì sí ìsàlẹ̀ òkun nígbà tí ẹja tó tó ọkọ̀ ń kọjá lórí rẹ̀, ẹ̀rù ò bà á tó báyìí. Ó rántí Wúràọlá lọ́dún tó kọjá, tó ṣubú lórí afárá tí apá rẹ̀ sì dá. Olóore dé, ó kí i kú ewu, ó bi í pé kí ló fà á. Wúràọlá fi ìbínú pariwo pé, "Pákó yín tó jẹrà ni!" Ẹ̀rọ náà fi í sílẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀, ó lọ wá pákó tuntun, ó kan gbogbo afárá náà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kó tó padà wá to apá. Gbogbo àdúgbò fi rẹ́rìn-ín fún oṣù mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni òfin rẹ̀ rí: ohun tó bá kọ sílẹ̀ pé ó kùnà, òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ṣe. Bí kò bá sì rí nǹkan kan kọ, ara aláìsàn ni á kọ.

"Ó ku ìṣẹ́jú ogún."

"Ó tó," ni Ìyá Bọ̀sún wí. "Jẹ́lì dà? Fi sí i dáadáa. Má ṣahun, kì í ṣe epo ọbẹ̀. Ó dára. Rọra kì í. Rọra."

Rọ́bà ti rọ̀ báyìí. Ó wọlé níwọ̀n ìka kan, ìka méjì. Ó tún dúró.

"Kò lọ, mà."

"Má tì í."

"Kò lọ!" Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ikùn rẹ̀ ti wú, ó le bí orí ìlù tó gbẹ. "Ìyá Bọ̀sún, ẹ bá mi tì í. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ọwọ́ ọ̀tún arúgbó náà jáde lábẹ́ itan rẹ̀. Bóyá ó mọ̀, bóyá kò mọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe iṣẹ́ yẹn, ọwọ́ kì í gbàgbé. Ó na àtàǹpàkò sí ẹnu rọ́bà, òrùka funfun náà sì ké fín-ín, ó ń tàn yòò. Ìyá Bọ̀sún fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Òrùka ké lẹ́ẹ̀kan sí i, ó kú.

"Má tún bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀ mọ́," ni ó wí. "Mo lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ. Ìyẹn ló burú níbẹ̀."

"Ẹ dárí jì mí, mà."

"Yí sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Àpò tó kún ti ti ọ̀nà yẹn sápá kan, ibi tó o mọ̀ lójoojúmọ́ kọ́ ni ẹnu ilẹ̀kùn wà báyìí. Fa rọ́bà sẹ́yìn díẹ̀. Má yọ ọ́ o. Dojú rẹ̀ kọ ìsàlẹ̀, sápá egungun ìbàdí. Ẹ̀ẹ́n. Jẹ́ kó lọ bó ṣe fẹ́ lọ, títí ó fi kan nǹkan."

"Ó ti kàn án."

"Dúró síbẹ̀. Nígbà tó o wà lọ́mọdé tẹ́ ẹ ń wa ọkọ̀ àjẹ̀ lọ sétí ilẹ̀ gbígbẹ, bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sórí yanrìn, ṣé ẹ máa ń tì í?"

"Rárá, mà. Ìdí ọkọ̀ á fọ́."

"Kí lẹ máa ń ṣe?"

"A máa ń dúró de ìgbì kó gbé e."

"Èémí rẹ ni ìgbì. Fà á sínú, kó kún ikùn. Bó o bá ń tú u síta, kí ikùn rẹ dẹ̀, kí ìka rẹ kàn wà lára rọ́bà, kó má tì, kó má fà. Wà á. Sinmi. Wà á. Sinmi."

Mọrádékẹ́ mí sínú. Ó tú u síta. Kò sí nǹkan kan. Ó mí sínú.

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ," ni ẹ̀gbà wí. "Olóore ti wọ àdúgbò yín."

Wọ́n gbọ́ ọ lóòótọ́, ẹsẹ̀ irin mẹ́ta lórí pákó, ko, ko, ko, bíi ti arúgbó tó mú ọ̀pá dání. Gbogbo iṣan ara Mọrádékẹ́ dì pọ̀.

"Ta ló ní kó o gbọ́ ìyẹn?" ni Ìyá Bọ̀sún wí. "Èmi ni kó o gbọ́. Wà á."

Ó mí sínú.

"Sinmi."

Ó tú u síta, ó tú u dé ìsàlẹ̀ pátápátá, bó ṣe máa ń tú u kó tó rì sínú omi. Ohun kan yọ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀. Rọ́bà náà kò bi í léèrè, ó kàn wọlé lọ, afẹ́fẹ́ sì bú jáde pẹ̀lú òórùn tó lè lé adìẹ kúrò lórí ẹyin.

"Ó wọlé! Màmá, ó ti wọlé!"

"Mo ti gbọ́ òórùn rẹ̀, ọmọ mi. Ibo lo fẹ́ dà á sí?"

Yéè! Wọ́n wo ara wọn. Láti ọdún onígbáméjì, tí àìsàn náà pa irínwó èèyàn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí ilé kan ní Ìdákọ̀ró tó gbọdọ̀ ní póò tàbí garawa ìgbẹ́. Ìgbẹ́ kò gbọdọ̀ sí níta páìpù. Bàsíà kò jìn tó. Mọrádékẹ́ wò yíká, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí akoto òmùwẹ̀ rẹ̀ tó ń dán lórí pẹpẹ, akoto tó fi ọdún méje ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó fún un.

"Ẹ bá mi gbé e, mà."

"Akoto rẹ?"

"Ẹ gbé e wá!"

Ìyá Bọ̀sún gbé e sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sínú rẹ̀, ó ṣàn díẹ̀, ó dúró. Rọ́bà ti dí. Èèpo àgbàdo ni, ta ni ìbá tún jẹ́?

"Síríǹjì," ni Ìyá Bọ̀sún wí kí Mọrádékẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ẹkún. "Fa omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, fi sẹ́nu rọ́bà, tẹ̀ ẹ́ wọlé jẹ́jẹ́. Fà á padà. Tún tẹ̀ ẹ́. Yí rọ́bà díẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, èèpo já, ìgbẹ́ sì ń ya sínú akoto, ikùn rẹ̀ ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ tí wọ́n ń já ẹrù rẹ̀. Mọrádékẹ́ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ èwo ni òun ń ṣe. Ó ń yọ rọ́bà náà nígbà tí ẹ̀gbà wí pé, "Àkókò ti pé," ilẹ̀kùn sì ṣí fúnra rẹ̀.

Olóore bẹ̀rẹ̀ kó tó lè wọlé. Ó ga, ó funfun, apá rẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi aṣọ mímọ́ wé bí ọmọ tuntun. Ó dúró, ó wo akoto, ó wo àwọn méjèèjì.

"Ẹ kú ìjókòó o. Ọwọ́ ta ló ṣe ìtọ́jú yìí?"

"Ọwọ́ mi," ni Mọrádékẹ́ wí.

Ẹ̀rọ náà wo òrùka Ìyá Bọ̀sún fún ìgbà díẹ̀. "Òótọ́ ni. Ó ké, kò kàn án. Ẹ ṣeun, mà. Ikùn yín ti rọ̀, inú wa dùn. Ṣùgbọ́n ìwé gbọ́dọ̀ pé. Nǹkan kan kùnà níbí lónìí. Kí ni?"

"Kò sí nǹkan kan. O ò rí i pé ó ti dára?"

"Ẹ̀jẹ̀ jáde. Ìgbẹ́ wà níta páìpù. A ti yẹ rọ́bà wò, ó dára. Bí ẹ ò bá dárúkọ ohun mìíràn, àpò la máa kọ." Aṣọ bọ́ kúrò lára apá rẹ̀ kan. Ohun tó wà nísàlẹ̀ aṣọ náà kọ mànà. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dùbúlẹ̀. Kò ní dùn yín."

Lẹ́yìn gbogbo làálàá yìí! Mọrádékẹ́ lè ní àgbàdo ni. Olóore á ní ṣebí ọwọ́ ẹ̀yin náà lẹ fi jẹ ẹ́, á sì kọ ara òun. Ó lè ní ọwọ́ òun ló kùnà; ẹ̀rọ náà á wá máa ti rọ́bà bọ òun lára fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ títí òun á fi kú. Ó wo Ìyá Bọ̀sún. Ohun tí Mọrádékẹ́ fẹ́ sọ, kò sí ẹni tó sọ ọ́ rí ní ìlú yìí. Ní Ìdákọ̀ró, wọ́n lè bú olórí ìlú, wọ́n lè bú òkun pàápàá. Wọn kì í bú ohun tó dá onígbáméjì dúró. Bọ̀sún, ọmọ kan ṣoṣo tí arúgbó yìí bí, wà lára irínwó tó kú.

"Ẹ dárí jì mí, mà," ni ó sọ fún un. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ẹ̀rọ. "Agogo ló kùnà."

Apá tó ń bọ̀ dúró lójú afẹ́fẹ́.

"Ẹ tún un sọ, mà."

"Agogo ni. Àpò mi kò kùnà. Ó kún ní ọ̀sán, àkókò rẹ̀ ni, ó fẹ́ dà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní tìtì. Mo dúró de agogo títí ọ̀nà fi dí. Kọ ọ́ sílẹ̀: agogo."

"Ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú ìwé wa rí. Ó ń fẹ́ ẹlẹ́rìí." Ojú ẹ̀rọ náà yí sí Ìyá Bọ̀sún. "Mà, kí ló kùnà?"

Ìyá Bọ̀sún ń wo ọwọ́ rẹ̀. Òjò ń rọ̀. Níta, ẹsẹ̀ Wúràọlá ń lọ, ó ń bọ̀.

"Ẹni ọdún mọ́kàndínlógún ni Bọ̀sún mi nígbà tó kú," ni ó wí níkẹyìn. "Nígbà tí wọ́n gbé agogo yìí kọ́, mo kúnlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, mo dúpẹ́. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni mí. Páìpù ló gbà wá lọ́wọ́ onígbáméjì. Páìpù, tó ń gbé ìgbẹ́ lọ kúrò lọ́dọ̀ wa. Agogo kàn ń sọ fún wa ìgbà tó rọ Ikùn Ìlú lọ́rùn láti jẹun ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. N kò fẹ́ sọ ọ́ lójú ọmọ mi tó kú ni." Ó gbé ojú sókè. "Agogo kò mọ ikùn. Kọ ọ́. Agogo ló kùnà."

Ohun kan ń kùn nínú Olóore, ó ń kùn, débi pé Mọrádékẹ́ rò pé ó ti bàjẹ́. Aṣọ padà bo apá rẹ̀.

"A ti kọ ọ́," ni ó wí. "Ẹ má bínú, mà. A ní láti kọ́kọ́ lọ tún nǹkan ṣe."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó jáde. Ko, ko, ko. Wọ́n gbọ́ tó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́ kàtà! Irin já lára irin. Kàtà mìíràn wá láti àdúgbò kejì, òmíràn láti ìkẹta, kàtà, kàtà, kàtà, ó ń lọ káàkiri ìlú nínú òjò, títí tí wọn kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Mọrádékẹ́ fi aṣọ dí ihò ikùn rẹ̀, ó dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé akoto rẹ̀ jáde. Aago mẹ́rin àbọ̀ ni, kò sí agogo tó lù, ilẹ̀kùn irin sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀ nígbà tí Wúràọlá já lù ú, oyún níwájú, ìró ní ọwọ́.

"Àǹtí Mọrádékẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú! Mi ò lè dúró!"

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Láìpẹ́, ẹkún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ẹkún ìtura, ẹkún ẹni tó ti ń mú un mọ́ra láti ọmọdé. Láàárín ẹkún náà ó ń kígbe pé òun ń bọ̀, òun á tètè ṣe, kí wọ́n ṣe sùúrù fún òun.

Mọrádékẹ́ fara ti ògiri, ó gbé akoto náà mọ́ àyà.

"Má kánjú, Wúrà," ni ó wí. "Kò sí ẹni tó ń lé ọ."